Ibùsùn Òkú Tó Gbé Ìyá Hikmat Láàyè

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Gàníyù.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gbé aláìsàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é ní ọsibítù kan náà, ní ìmájẹ́ńsì, ibi tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá rárá lọ. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ni yóò ti tírọ́lì jáde. Yóò gbé ẹni náà kúrò nínú ọkọ̀, yóò gbé e lé tírọ́lì, yóò tì í wọlé. Dókítà ń dé, dókítà ń lọ. Àwọn mìíràn lọ sí ìlú òyìnbó. Gàníyù wà níbẹ̀.

Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé atẹ́gùn lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn-án gbé. Orúnkún ló fi ń gbé, kì í fi ẹ̀yìn gbé. Bó bá ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá aláìsàn báyìí, ó ti mọ bó ṣe wúwo tó.

Ohun kan ló ń dùn ún níbi iṣẹ́ náà. Kò sí nǹkan kan nínú ìmájẹ́ńsì yẹn tí wọ́n ṣe fún ẹni tó sanra púpọ̀. Tírọ́lì kò fẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀dì kò lágbára tó. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru kò yí apá wọn po. Òṣùwọ̀n á dé ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí, á dúró síbẹ̀. Wọ́n á mú abẹ́rẹ́, wọ́n á wá iṣan, wọn ò ní rí i. Kí wọ́n tó rí i, àkókò ti lọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá. Ọkùnrin náà tóbi, kò sì lè mí dáadáa. Tírọ́lì tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n bá tẹ́ fóòmù sílẹ̀, wọ́n tẹ́ òun náà lé e, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Bó ṣe di pé ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láyà nìyẹn. Èémí kò jáde mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dìde, ó ti kú. Gàníyù wà lára àwọn tó tẹ́ ẹ. Kò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹni tó sanra bá wọlé tí kò lè mí, ohun àkọ́kọ́ tí Gàníyù máa ń wá ni ohun tí ẹni náà yóò fẹ̀yìn tì, kó lè jókòó.

Agbolé kan wà ní Bẹyẹrúnkà, ibẹ̀ ni ilé Gàníyù. Ibẹ̀ náà ni Qúdrát ń gbé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Hikmat. Àbúrò Gàníyù ló fẹ́ ẹ. Àbúrò náà ti kú. Hikmat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Iṣẹ́ fìlà ni Qúdrát ń ṣe. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣe ọnà sí i lára, àwọn oníṣòwò fìlà ní Ọjà'ba ló ń wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Ó tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun fúnra rẹ̀ á ti ṣe yẹ̀yẹ́ náà tán kí onítọ̀hún tó yanu.

Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Ó sọ Gàníyù ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ibo lẹ kó o sí?"

Bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn láràárọ̀ nìyẹn.

Ní àárọ̀ Àlàmísì kan, Gàníyù ń nu bàtà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni yóò wọṣẹ́. Muslimat, ìyàwó rẹ̀, sáré dé.

"Bàbá Jàmíù, ẹ máa bọ̀ kíá. Ìyá Hikmat ò lè sọ̀rọ̀ parí mọ́."

Ó bá Qúdrát nílẹ̀ yàrá, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Èémí rẹ̀ ń dún wùrùwùrù bí ẹni pé omi wà níbẹ̀. Ó ti di òru mẹ́ta tí kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kò sì sọ fún ẹnì kan. Obìnrin mẹ́rin ti yí i ká, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ jẹ́ ó dùbúlẹ̀," ni ọ̀kan wí. "Ẹ jẹ́ ó sinmi díẹ̀." Ó ti ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè tẹ́ ẹ.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Gàníyù kì í pariwo. Ó pariwo lọ́jọ́ yẹn. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ. Bó bá dùbúlẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìjókòó báyìí ló máa dé ọsibítù."

Obìnrin náà jáwọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí Qúdrát dé ọsibítù láàyè, ní ìjókòó.

Afeez, ọmọ agbolé tó ń wa takisí Máíkírà, ní òun ti gbé ọkọ̀ sí títì. Ṣùgbọ́n títì jìnnà. Àárín ilé ni ọ̀nà gbà, ó há, gọ́tà wà níbẹ̀, òkúta wà níbẹ̀, ó sì gun òkè. Wọ́n gbé àga oníke wá pé kí wọ́n fi gbé e. Kò tíì jókòó lé e dáadáa tí ẹsẹ̀ àga fi yà bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó dì í mú.

Qúdrát na ìka sí àga náà. "Àga yẹn… ti gbọ́… ìròyìn mi… tẹ́lẹ̀."

Bó tilẹ̀ dé títì, kò lè gba ilẹ̀kùn Máíkírà wọlé. Bó bá sì wọlé, á ní láti fẹ̀yìn lélẹ̀. Gàníyù jáde síta. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó rí ibùsùn onírin tí wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́, wọ́n fi ti ògiri. Wẹ́dà àdúgbò ló jó o. Irin tó nípọn ni, ó fẹ̀, ó gùn, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé. Èèyàn mẹ́jọ lè gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Ládánì Zakariyya ń tẹ́ ẹní nínú mọ́ṣáláṣí. Àgbàlagbà ni, ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún.

"Bàbá ládánì, mo fẹ́ gbé ibùsùn yìí."

"Ìnnà lílàhì! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

Zakariyya fi ẹní sílẹ̀. "Gàníyù. Èèyàn tó ń mí lo fẹ́ gbé lé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló ṣe é rí?"

"Ẹ fi ibi tí wọ́n ti ní ká má ṣe é hàn mí."

Zakariyya ronú. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "N ò rántí ibi kankan," ó ní. "Ṣùgbọ́n bi òun fúnra rẹ̀. Bó bá ní rárá, o ò ní gbé e."

Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Àwọn obìnrin fọwọ́ bo ẹnu. Qúdrát wo ibùsùn náà láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó gé e.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó ní, "ó ṣáà máa… gbé mi… lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ n… dán an wò… bóyá ó gbà mí."

Zakariyya ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ gbé e," ó ní. "Ẹ̀bi náà dọwọ́ èmi."

Wọ́n fi fóòmù sí i. Wọ́n kó àpò ńlá mẹ́rin tí aṣọ fìlà kún inú wọn, wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn rẹ̀ kó lè fẹ̀yìn tì í. Ó jókòó. Wọ́n fi hìjáábù ńlá bò ó. Ọkùnrin mẹ́jọ ní "Bìsímílàhì", ibùsùn gòkè dé èjìká wọn. Gàníyù wà lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n rìn bí ogún ìṣísẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ti ń làágùn.

Àṣà Mùsùlùmí ibẹ̀ ló wá gbà wọ́n. Bí ibùsùn yẹn bá ń kọjá, ọkùnrin kì í dúró wò ó. Á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, á fi èjìká gbé e fún ìṣísẹ̀ mélòó kan, á fún ẹlòmíràn láyè. Láádá, èrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ni kó tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì ṣe ju táyà sílẹ̀ tó sáré wá. Bábà fi ẹni tó ń gé irun fún sílẹ̀, irun ìdajì orí. Ẹni tó ń lọ ata pa ẹ̀rọ. Bí èjìká kan bá ti rẹ̀, èjìká mìíràn ti wọlé. Òkè náà di pẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ibi gíga ni Qúdrát wà, ó tẹ orí ba. Ẹni tó wà lábẹ́ kò rí ju irin lọ.

Ọlọ́kadà kan bọ́ sábẹ́ apá ọ̀tún. Irin tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó mí kanlẹ̀.

"Ó mà wúwo o," ó ní. "Kí Ọlọ́run dárí jì í. Irú èèyàn wo ni nígbà ayé ẹ̀?"

"Èèyàn dáadáa… ni," ohùn kan dá a lóhùn lókè.

Ọkùnrin náà kò wòkè. Ó fi irin sílẹ̀, ó fi sílípáàsì rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó sá, ó di ẹnu ilé ẹni tó ń lọ ata kó tó dúró. Gàníyù sáré fi èjìká tirẹ̀ dí àyè náà. Ẹ̀rín pa Qúdrát lókè, gbogbo ibùsùn ń mì.

"Má rẹ́rìn-ín," Gàníyù ní. "Jọ̀ọ́. Mímí ni kó o máa mí."

"Ẹ ní kó… má sáré… bẹ́ẹ̀ nígbà náà."

Ọlọ́kadà padà wá mú sílípáàsì rẹ̀. Ojú tì í. Ó tún bọ́ sábẹ́ ibùsùn. "Ẹ má bínú, ìyá."

"Gbé mi… dáadáa."

Àwọn tó wà nítòsí gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n túbọ̀ ń wọlé gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò gbọ́ nǹkan kan. Ibùsùn aláwọ̀ ewé ni wọ́n rí. Aláṣọ kan ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti fi bu ọlá fún òkú. Ó béèrè ẹni tó kú. Wọ́n ní Ìyá Hikmat onífìlà ni. Kí wọ́n tó dé títì, ìròyìn ti dé Ọjà'ba.

Ní títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń já pákó. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ rí ibùsùn, ó ṣí fìlà.

"Itẹ́ wo ni?"

"Ọsibítù ni," Gàníyù ní.

Dẹ́rẹ́bà rọ ohùn. "Bàbá, ó ti pẹ́ jù fún ọsibítù."

Qúdrát la ojú kan. "Wàhálà rẹ… pọ̀. Wa ọkọ̀."

Wọ́n gbé ibùsùn sẹ́yìn ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà sáré jókòó sídìí ọkọ̀. Ó wà á.

Gàníyù ti àwọn àpò aṣọ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó sẹ́yìn Qúdrát, ó fi ẹ̀yìn tirẹ̀ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè ní Màpó, gbogbo ara Qúdrát wá sórí rẹ̀. Kò yẹ̀. Láti ara ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń mọ̀ bí obìnrin náà ṣe ń mí. Ó ń kà á. Nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó kà dé méje, ìkẹjọ kò wá.

"Ìyàwó!"

Ó fi ẹ̀yìn tì í.

"Ìyá Hikmat!"

"Egungun yín… ń gún mi… lẹ́yìn."

Gàníyù tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ení.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ọsibítù rí ibùsùn nínú ọkọ̀, ó nawọ́. "Ẹ̀yìn ni ilé òkú wà. Ẹ ya sọ́wọ́ ọ̀tún." Qúdrát juwọ́ sí i. Ọkùnrin náà ṣí géètì ìmájẹ́ńsì, ó dúró síbẹ̀, kò pa ẹnu dé.

Hilda, nọ́ọ̀sì tó ti bá Gàníyù ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá, jáde wá. "Bàbá Gàní! Kí lẹ gbé wọlé yìí?"

"Ìyàwó àbúrò mi ni. Kò lè mí."

Bàbá kan tó dá lẹ́sẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà. Ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú. "Gbé mi lọ sílé," ó ní. "Gbé mi lọ kíá. Wọ́n ti ń gbé ibùsùn òkú wá de èèyàn níbí."

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń jẹ́ Dárasími. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ó sáré dé. "Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹni tó ń gbé aláìsàn kì í kọ́ dókítà níṣẹ́. Gàníyù kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn Qúdrát.

"Dókítà, ẹ forí jì mí. Ẹ má tẹ́ ẹ."

"Kí ló dé?"

"A tẹ́ ẹnì kan báyìí níbí. Ó kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Dókítà wo Gàníyù. Ó wo ètè Qúdrát. Kò bínú. "Ó dáa. Ìjókòó náà la máa fi tọ́jú wọn. Hilda, ọ́síjìn."

Wọ́n gbé ibùsùn náà ti ògiri, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Wọ́n wé aṣọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá. Ó wé ìdajì, ó tú. Wọ́n fi tipátipá tún un wé, ẹ̀rọ sọ nọ́ńbà kan tó dẹ́rù ba gbogbo wọn. Dókítà ti ń na ọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tó lágbára tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

"Aṣọ yẹn kéré," Gàníyù ní. "Bó bá kéré, irọ́ ló ń pa. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ itan ńkọ́?"

Dókítà wo Hilda. Hilda họ orí. "Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà. Mo tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n má jí i."

"O tọ́jú ẹ̀ dáadáa," Gàníyù ní. "Ọdún méjì rèé."

Wọ́n fi èyí tó tóbi wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà náà wálẹ̀. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n kò ga tó bẹ́ẹ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ tó lágbára náà padà síbi tó wà.

Ó kan iṣan. Dókítà gún un lẹ́ẹ̀kan, kò rí i. Ó gún un lẹ́ẹ̀kejì, kò rí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti lé sí i lójú.

"Dókítà," Qúdrát ní, "abẹ́rẹ́… niṣẹ́ mi. Bí aṣọ bá nípọn… ojú ò rí okùn abẹ́ ẹ̀. Ẹ má wò ó. Ẹ fọwọ́… wá a."

Dárasími di ojú. Ó fi ìka rìn lórí ọrùn ọwọ́ Qúdrát, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi dúró lójú kan. Abẹ́rẹ́ wọlé.

"Ẹ máa… wá kọ́ fìlà," Qúdrát ní.

Abẹ́rẹ́ kan tún wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n ibẹ̀ kò lè gbé Qúdrát. Dókítà yíjú sí Gàníyù. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé wọn. Kí lẹ rò?"

"Ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Kò pé mẹ́rin. Ẹ kọ mẹ́ta àbọ̀."

Dókítà fi àádọ́ta kílò ṣírò àpò kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," Qúdrát ní, "sìmẹ́ńtì?"

"Mi ò ṣáà pè ọ́ ní búlọ́ọ̀kù."

Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ jáde lára rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀ tí omi fi wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Omi tún jáde, ó tún jáde. Ètè rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Wùrùwùrù tó ń dún láyà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Gàníyù ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán, ó ń gbé àwọn aláìsàn mìíràn. Bó bá ti gbé ẹnì kan, á gba ọ̀dọ̀ Qúdrát kọjá, á dúró, á gbọ́ bó ṣe ń mí, á máa lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Qúdrát la ojú. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ lódidi, kò já rárá:

"Ta ló ti ilẹ̀kùn yàrá mi?"

Gàníyù kọjú sí ògiri díẹ̀. Nígbà tó máa yíjú padà, ojú rẹ̀ tutù, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Muslimat ló tì í," ó ní.

Wọ́n so bẹ́ẹ̀dì méjì pọ̀. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló so ó, ó fi okùn yí ẹsẹ̀ wọn po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé orí wọn sókè. Wọ́n gbé Qúdrát sí i, ó jókòó níbẹ̀ bí ayaba. Dókítà ní yóò pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n yóò lọ sílé. Ó ní kí Gàníyù máa lọ sinmi. "Ẹ ṣé, bàbá," ó ní. Gàníyù ní kò tọ́pẹ́.

Ìrun Màgíríbì ti kọjá nígbà tó dé Bẹyẹrúnkà. Ó rí èrò. Wọ́n to àga kún iwájú ilé. Àwọn obìnrin onífìlà láti Ọjà'ba pọ̀ lọ súà. Muslimat jókòó lójú àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ ti há.

"Bàbá Jàmíù, mo ti sọ̀rọ̀ títí. Mo ní kò kú, mo ní ọsibítù ló wà. Wọn ò gbà."

Báwo ni wọ́n ṣe máa gbà? Bí èèyàn bá kú níbẹ̀, wọn kì í là á mọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, ó wà lọ́sibítù, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wí. Bí Muslimat ṣe ń sọ pé ọsibítù ló wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún wọn ń lé sí i.

Ìyá Sìdí, àgbà oníṣòwò fìlà, di Gàníyù lọ́wọ́ mú. "Gàníyù, ṣe ọkàn akin. Ìgbà wo ni wọ́n máa sin ín?"

"Ìyá, ọsibítù ló wà."

"Yéè!" Gbogbo wọn tún bú sẹ́kún.

Gàníyù yọ fóònù. Ó pe Hilda pé kó gbé fóònù fún Qúdrát. Ó tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde síta, ó gbé e sókè.

"Ta ló ń sunkún níbẹ̀ yẹn?" Ohùn Qúdrát ni. "Ìyá Sìdí, àbí ẹ̀yin kọ́? Ẹkún yín ò dùn. Ẹ tún un sun."

Ìyá Sìdí fò sẹ́yìn, ó jókòó lé obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ran gbogbo ilé. Ládánì Zakariyya fi orí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò tètè dìde nítorí ẹ̀rín.

"Qúdrát, ṣé ìwọ ni?" Ìyá Sìdí ti sún mọ́ fóònù.

"Èmi ni. Kí lẹ sè fún òkú mi?"

Ìyá Sìdí wo ẹ̀yìn. Bàsíà ńlá méjì ló wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ti dín sàráà rẹ̀ tán. "Àkàrà ni."

"Ẹ fi dúpẹ́. Ẹ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tèmi mọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì dúró kó jẹ ẹ́ tán lójú yín."

Wọ́n dúró. Gàníyù fọ ọwọ́. Ó jẹ àkàrà mẹ́sàn-án àti ẹ̀kọ mẹ́ta, ó mu omi tútù lé e.